Ogójì Ẹyẹ àti Ọ̀kan

Ogójì ẹyẹ ni akọ̀wé kọ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí kùrukùru bo etíkun débi pé ẹni tó bá na ọwọ́ síwájú kò ní rí ìka ara rẹ̀.

Ọdún kẹfà rèé tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń ṣiṣẹ́ ẹyẹ kíkà fún ọ́fíìsì kan. Bí ooru ọdún bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ẹyẹ tó ń kọrin a máa ṣí kúrò níbi tí òtútù ti fẹ́ mú, wọn a sì gba orí òkun kọjá. Ẹ̀gbọ́n a gun òrùlé ahéré onípákó tó wà létí omi, a gbé awò tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà sójú, a máa pè wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá. Àbúrò a jókòó sínú ahéré nísàlẹ̀, a kọjú sí ògiri, kó má baà máa ka tirẹ̀ mọ́ ti ẹ̀gbọ́n. Ìlà méjì ló wà nínú ìwé rẹ̀: kékeré àti ńlá. Bó bá ti kọ èyí tí wọ́n pè, a dáhùn pé, "Ó wọlé." Bí kò bá dáhùn, ẹni tó wà lókè kò gbọdọ̀ pe òmíràn. Fóònù rẹ̀ a wà ní pípa títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Lọ́jọ́ náà, ọkàn rẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń bọ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọkùnrin náà ti fi ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní erékùṣù tó wà lódìkejì omi, ọkọ̀ ojú omi aago mẹ́fà ló sì ní òun máa bá wá. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé sábẹ́ ìkòkò òdòdó dè é.

Nígbà tí aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó gbọ́ tí pákó òkè dún.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ tètè dé báyìí? Àbí ìyàwó yín ló lé yín síta?"

"Kékeré, méjì," ni ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò tiẹ̀ kí èèyàn. Ó wọlé."

"Ńlá, mẹ́ta."

"Ó wọlé."

Ohùn náà kò yára, kò sì falẹ̀. Lẹ́yìn ìpè kẹwàá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti àárín pákó sórí ìwé. Ó rò pé ìrì ni. Ó fi ìka nù ún, ó sì fi ìka náà kan ahọ́n láìmọ̀. Iyọ̀ ni. Ìgbà náà ló tó kíyè sí i pé kò sí ẹyọ ẹyẹ kan tó ń ké.

"Bọ̀dá, kùrukùru yìí kò dí yín lójú ni?"

"Kékeré, ọ̀kan."

Ìyẹn ló mú un pé mọ́kànlá lábẹ́ kékeré. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ti wà lábẹ́ ńlá. "Ó wọlé," ló wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tún pè.

"Ńlá, ọ̀kan. Ó ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún."

Bírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kì í ka ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún, láti ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì ti já lu ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ńlá, ọ̀kan," ni ohùn náà tún wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣe sùúrù fún ọmọdé. "Ó ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ó tó ìgbà mẹ́ta sí i tí wọ́n pè é. Lẹ́yìn náà, òkè dákẹ́.

Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wọlé, awò lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì.

"Má bínú, àbúrò mi. Táyà kẹ̀kẹ́ mi ló jò, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé. O ò rí àtẹ̀jíṣẹ́ mi ni?"

Ó na ìwé sí i. Ọkùnrin náà kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ta ló pe àwọn wọ̀nyí fún ọ?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó gun òkè lọ, ó sì tètè sọ̀ kalẹ̀. "Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n gbogbo pákó ló rin gbingbin."

Aago mẹ́sàn-án ni ìròyìn dé. Ọkọ̀ ojú omi aago mẹ́fà ti kọlu àpáta nínú kùrukùru. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló wọ̀ ọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti tẹ́ ogójì òkú sí èbúté. Mọ́kànlá nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Obìnrin náà ṣí aṣọ ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo òwúrọ̀ tí kùrukùru bá bò ni wọ́n ń pe ẹni kan yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, nígbà tí ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé.

"Bí mi ò bá dáhùn, kò tíì wọlé," ni obìnrin náà sọ fún un. "Bí kò bá tíì wọlé, ó wà níbìkan."

Ẹ̀gbọ́n kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá wọn rí i pé obìnrin náà kì í sùn mọ́, wọ́n sì fún un ní ìsinmi tipátipá. Akọ̀wé mìíràn ló jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kìlọ̀ fún un pé kó má dáhùn ìpè kankan lọ́jọ́ kùrukùru.

"Bọ̀dá, ṣé iṣẹ́ la wá ṣe níbí àbí àlọ́?" ni akọ̀wé tuntun bi í.

Kùrukùru bo etíkun láàárọ̀ àná. Ìwé ọjọ́ náà ti dé ọ́fíìsì. Ẹyẹ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, lábẹ́ ńlá.