Àpò Iyanrìn Inú Ọkọ̀ Àlàní

Irọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó wà létí adágún omi ẹ̀rọ Ìwó lọ́sàn-án ọjọ́ náà lọ́dún 1996 ṣì wà láyé, ẹ bi wọ́n.

Ọkọ̀ onígbòkùn kékeré mẹ́fà ló fẹ́ díje. Àpò fùláwà ni wọ́n rán ṣe ìgbòkùn. Èèyàn méjì ló ń wọ ọkọ̀ kan: ọ̀kan á darí, èkejì á jókòó sétí ọkọ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kó má baà dojú dé. Ẹni tí kò bá rí ẹnìkejì á gbé àpò iyanrìn tó tẹ̀wọ̀n tó èèyàn dání, á máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Mùsílíù, akọ̀wé báńkì tí kì í fẹ́ kí eruku kan bàtà rẹ̀, kò ní ẹnìkejì mọ́. Àbúrò rẹ̀, Àlàní, ló máa ń jókòó sétí ọkọ̀. Omi yìí kan náà ló pa á lọ́dún tó ṣáájú, ẹ̀yìnkùlé ilé ni wọ́n sì sin ín sí. Àṣàbí, ìyá wọn, kò fẹ́ fojú rí ọkọ̀ náà mọ́ láti ìgbà náà, ó sì ti pọ́n àáké sílẹ̀. Ó ní bí Mùsílíù kò bá gba ipò kìíní, òun á la ọkọ̀ náà, òun á fi dáná. Bẹ́ẹ̀, Àlàní ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Ọkọ̀ náà nìkan ló ṣẹ́ kù tí Mùsílíù lè fi rántí àbúrò rẹ̀, kò sì fẹ́ kó di eérú.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìkánjú ni Mùsílíù fi bu iyanrìn tirẹ̀. Òkìtì kan wà lẹ́yìnkùlé. Ó bù ú, ó dì í, ó gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà.

Tíṣà Lydia, tó ń darí ìdíje, fọn fèrè. Àwọn ọkọ̀ ṣí.

Lágbedeméjì omi, atẹ́gùn yí lójijì. Ọkọ̀ Mùsílíù tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fẹ́ dojú dé. Ó yẹ kó ti àpò, ṣùgbọ́n okùn àti àjẹ̀ ti gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Nǹkan kan wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ọkọ̀ tọ́.

Ó bojú wẹ̀yìn. Àpò náà ti wà létí ọkọ̀, níbi tí Àlàní máa ń jókòó. Atẹ́gùn tún yí. Ó tún gbọ́ ọ tó ń wọ́. Kò wẹ̀yìn mọ́ títí tó fi dé èbúté ṣáájú gbogbo wọn.

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Tíṣà Lydia ní kí wọ́n gbé àpò náà wá kí òun wọ̀n ọ́n. Ọkùnrin mẹ́rin dì í mú, kò mì.

Àṣàbí sún mọ́ Mùsílíù.

"Níbo lo ti bu iyanrìn yẹn?"

"Ẹ̀yìnkùlé ni, Màmá. Òkìtì ẹ̀gbẹ́ ògiri."

"Ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ fún Àlàní ni wọ́n ti kó o jáde."

"Mi ò ronú kàn án, Màmá."

Àṣàbí wọnú ọkọ̀ tí kò fẹ́ fojú rí tẹ́lẹ̀. Ó fọwọ́ lé àpò náà, ó jókòó tì í. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Mùsílíù gba ọkọ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ wọ̀ ọ́ mọ́. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti kírun Alásàrì tán, ìyá rẹ̀ á lọ jókòó sínú ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò. Mùsílíù á dúró sókè lẹ́bàá ọ̀nà. Á gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀. Á gbọ́ ohùn kejì tó ń dá a lóhùn. Ó mọ ohùn náà dáadáa. Ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá ti pe Àlàní, ohùn kejì á dákẹ́, kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí Mùsílíù yóò fi kúrò níbẹ̀.