Àtè Lára Malte

"Bọ́ọ̀lù tí Gesa Petersen jù lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ òsì ni mo fi mú un. Ọwọ́ ọ̀tún mi di sọ́séèjì mú, ẹnu mi ò tiẹ̀ dúró."

Malte awakọ̀ wàrà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nídìí káńtà ọtí ní gbọ̀ngàn eré abúlé wọn, lẹ́bàá Husum ní Jámánì. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn tó ń gbọ́ ọ, ọtí ń pá wọn lórí. Ta ni kò mọ Gesa nídìí bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù? Àwọn ògbólógbòó aṣọ́lé pàápàá máa ń yẹ̀ fún bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ó ju ọ̀kan ní Leipzig rí, atẹ́gùn rẹ̀ ló mú gbogbo aṣọ tí wọ́n sá sí Berlin gbẹ.

Malte kò mọ̀ pé Gesa fúnra rẹ̀ ló dúró sẹ́yìn òun, tó ń ra kọfí.

"Ìgbà wo nìyẹn?" ni Gesa bi í.

Malte yíjú padà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. "Ẹ ò lè rántí, Àǹtí. Ìtìjú ló jẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé."

Ni Gesa bá bú sẹ́rìn-ín, ó sì ya òun náà lẹ́nu. Láti kékeré ló ti ń ju ọ̀dùnkún lu ilẹ̀kùn ilé màlúù, títí ilẹ̀kùn fi wó. Ó kúrò ní ẹgbẹ́ abúlé, ó dé ìlú ńlá, ó wọ aṣọ orílẹ̀-èdè. Orúnkún rẹ̀ wá já, wọ́n rán an, ó tún já, ó bá fẹ̀yìn tì. Látìgbà náà ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Bó bá gbá àgbàlá tán, á gbá ti aládùúgbò. Ìdúró ló ti ń jẹun. Àwọn ìka rẹ̀ sì ń ra ara wọn ṣáá, wọ́n ń wá àtè, oje igi tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ fi ń pa ọwọ́ kí bọ́ọ̀lù má baà yọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí Malte pa á lẹ́rìn-ín yẹn, inú ọkọ̀ wàrà Malte nìkan ló ti ń lè jókòó.

"Gesa mi," ni Malte á wí, "bí o bá ti ń kọjá, ṣe làwọn màlúù ń fún wàrà ara wọn."

"Òpùrọ́ mi," ni Gesa á wí, á sì gbé orí lé e léjìká.

Ṣùgbọ́n Ingwer, bàbá Gesa, ẹni tó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù, kò fẹ́ gbọ́. "Ẹlẹ́nu yẹn?"

"Bàbá, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Ṣebí ó ní òun mú bọ́ọ̀lù ẹ? Kó wá dúró sẹ́nu àwọ̀n ní Sátidé. Tó bá mú un, kó fẹ́ ẹ. Tí ò bá mú un, kó má yọjú síbí mọ́."

Gesa lọ bá Malte. "Jọ̀ọ́, lọ sọ fún Bàbá pé irọ́ lo pa. Tí mo bá rọra jù ú, wọ́n á mọ̀. Àwọn ló kọ́ apá yìí."

"Irọ́ ní ibo? Olólùfẹ́ mi, o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́."

Ní Sátidé, Malte wọ súwẹ́tà nínú ooru, ó na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí adìyẹ tí òjò pa. Kò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Gesa wo bàbá rẹ̀, ó wo Malte, ó dijú, ó sì jù ú bó ṣe ń jù ú látijọ́.

Gbòà!

Malte fò sẹ́yìn, ó yí gbirigbiri, ó dìde. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Bọ́ọ̀lù wà láyà rẹ̀, kò jábọ́.

Omi lé ròrò sójú Ingwer. "Ọmọ mi, mo gbà. Bọ̀ mí lọ́wọ́."

Malte fi ọwọ́ pamọ́, Ingwer fà á yọ, ó bọ̀ ọ́. Ọwọ́ ò kúrò mọ́. Ingwer fà, Malte fà.

Ingwer gbóòórùn. "Àtè." Wọ́n ti fòfin dè é ní gbọ̀ngàn yẹn látìgbà tí bàtà olórí ìlú ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fi ìbọ̀sẹ̀ rìn délé. "Agolo mélòó lo fi para?"

"Òógùn ni, sà."

Gbogbo ilé wó fún ẹ̀rín. Malte já ọwọ́ gbà, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ilẹ̀kùn sì bá a lọ. Gesa gbá yá a.

"Gesa, orúnkún ẹ," ni Ingwer ń pariwo.

Gesa ò gbọ́. Kò tíì sáré látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì.

Ingwer wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń sáré lọ síbi ọkọ̀ wàrà lójú títì, tí bọ́ọ̀lù ṣì wà láyà ọ̀kan.

"Kò yẹ̀ fún bọ́ọ̀lù náà ṣá," ló wí jẹ́ẹ́. Ó wá kọjú sí àwọn ará ìdí káńtà. "Ẹ sáré lọ dènà ọkọ̀ wàrà yẹn. Ẹ má jẹ́ kí àna mi lọ láìjẹun."