Ìṣẹ́jú Méje Nínú Sáfà Kejì

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí aago mẹ́jọ ku díẹ̀, ọmọbìnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ìpè pàjáwìrì ṣí yàrá ẹ̀rọ, ó sì dúró gbagidi. Ariwo tó máa ń dí i létí lójoojúmọ́ ò sí níbẹ̀ mọ́. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú ohùn gbogbo ẹni tó bá pe ìlà náà, kàn la ẹnu sílẹ̀ ni. Ẹnì kan ti yọ gbogbo díìsìkì inú rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá, nítorí kì í mú ọ̀daràn láìkọ́kọ́ kí i ní pẹ̀lẹ́. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà. Obìnrin aránṣọ kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé báàgì lé itan. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin pe ìlà yìí kó tó kú. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ dí, nítorí náà sáfà ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méje, ẹnikẹ́ni ò sì tíì gbọ́ ọ. Ọkọ ọmọ náà, tí wọ́n fẹ̀sùn ikú rẹ̀ kàn, ń tẹnu mọ́ ọn pé òun ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́bọ̀ ni ẹjọ́, ohùn yẹn nìkan sì ni ẹ̀rí. Lẹ́tà tí aránṣọ náà fi béèrè fún un sùn lórí tábìlì Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ fúnra rẹ̀ fún odindi oṣù mẹ́ta, ojú sì ń tì í.

"Ṣé kò sí ẹ̀dà níbòmíì ni?" ló béèrè.

Ọ̀gá ẹ̀rọ, àgbàlagbà kan tí aṣọ rẹ̀ máa ń gún régé, mi orí. "Sáfà kejì wà lódìkejì ìlú, àmọ́ kò jẹ́ ìpè láàárọ̀ yìí. Àfàìmọ̀ kí olè má ti débẹ̀ náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì wà lánàá títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bóyá wọ́n á ra tuntun fún wa."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wò ó. Ilé ọba tirẹ̀ jó, inú rẹ̀ ń dùn.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní tirẹ̀ ní òun ò rí olè kankan. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, sà. Mi ò sùn."

"Mi ò béèrè olè. Ta ló wọlé lánàá?"

"Kò sẹ́nì kankan. Àfi ọ̀gá ẹ̀rọ, ìyẹn kì í sì í ṣe àlejò."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà. "Ìgbà wo làwọn sáfà yẹn dákẹ́?"

"Kọ̀ǹpútà mi máa ń pe àwọn méjèèjì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, sà. Aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá lánàá. Àwọn méjèèjì ni." Òun náà gbọ́ ohun tó sọ, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ dúró ná. Àwọn olùyẹ̀wò tó fẹ́ ka ẹ̀rọ wa ń bọ̀ lọ́la. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo kọ àṣẹ kúkúrú kan tó ń bi sáfà kọ̀ọ̀kan pé: ta ló ṣe ẹ́, nọ́ńbà wo ló wà lára ẹ? Ọ̀gá ẹ̀rọ ni èsì ẹ̀ lọ bá, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi, mi ò tíì kà á."

Wọ́n jọ kà á. Sáfà àkọ́kọ́ dárúkọ ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́, ó sì ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Ìkejì ò ní nọ́ńbà. Dípò ilé iṣẹ́, orúkọ ètò kan tí wọ́n fi ń dá sáfà aláìlára sínú sáfà gidi ló dá.

"Ayálégbé ni," ọmọbìnrin náà sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Inú àkọ́kọ́ ló ń gbé. Ẹ̀dà wa wà nínú ohun tó jẹ́ ẹ̀dà fún."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ sáré lọ sódìkejì ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ ohun tó máa bá. Àgádágodo ti dípẹtà débi pé kọ́kọ́rọ́ ò yí mọ́, aláǹtakùn ti takùn sẹ́nu ìlẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n já a, pẹpẹ òfìfo àti òrùlé tó lu ni wọ́n rí.

Ó bá ọ̀gá ẹ̀rọ nídìí tábìlì rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Bàbá náà mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kò dìde.

"Ẹ ní ẹ wà lọ́dọ̀ sáfà kejì títí di aago mẹ́ta, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ó ti kú láti aago méjì kọjá. Olè kan ò lè wà níbi méjì ní ìṣẹ́jú kan náà, àfi tí ibi méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan. Èsì ọjọ́ Ẹtì ló bà yín lẹ́rù. Ẹ fẹ́ kí àwọn olùyẹ̀wò bá olè, kí wọ́n má bàa bá irọ́."

"Òjò ló ba ti gidi jẹ́, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn," ni bàbá náà wí. "Mo kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mẹta pé kí wọ́n fún wa ní òmíì. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo wá ṣe nǹkan tó máa jẹ́ ìpè."

"Díìsìkì yẹn dà?"

Ó fi ẹsẹ̀ ti àpò kan jáde lábẹ́ tábìlì. Èérún lásán ló wà níbẹ̀. "Òòlù ni mo fi fọ́ wọn."

"Ohùn ọmọ obìnrin tó wà níta yẹn wà níbẹ̀."

"Ohùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà níbẹ̀. Mi ò gbọ́ ìkankan rí."

Aránṣọ náà dìde nígbà tó rí Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. "Ẹ ti mú olè náà?"

"A ti mú un, mà."

"Ohùn ọmọ mi ńkọ́?"

Ó mi orí. Ó fẹ́ sọ pé pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó ti lò ó fún ẹlòmíì. "Lẹ́tà yín pẹ́ lọ́wọ́ mi, mà," ló sọ.

"Mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá bẹ̀ yín." Ó gbé báàgì kọ́ apá. "Ọkọ ẹ̀ á wá lọ sílé lọ́jọ́bọ̀ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìṣẹ́jú méje pọ̀, ọ̀gá. Á ti pè mí níbẹ̀." Ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó sì bi í pé ibo lọ̀nà ìjáde wà.