Oko Kòkó Màmá Phebe àti Àwọn Ẹbí Skọ́tílándì

Ìwé oko kòkó ti bọ́ sọ́wọ́ Ọmọ́tọ́ṣọ́. Ó ku kí Màmá Phebe tẹ̀ka, kí oko di ti gbájúẹ̀.

"Ẹ wò ó, Mọ́mì." Ó na bébà kan tó ti rẹ sínú tíì kó lè gbó. "Ìwé ìkànìyàn Skọ́tílándì nìyí, láyé Ayaba Fikitóríà. Jémíìsì, awakùsà èédú. Màgírẹ́ẹ̀tì, ìyàwó rẹ̀. Ọmọ mẹ́fà. Yàrá kan ṣoṣo tó ní fèrèsé. Ẹ wá wo ẹni tó gbẹ̀yìn: Ọlọ́runyọmí, ayálégbé!"

"Bàbá bàbá ọkọ mi!"

"Ó fẹ́ ọmọ Jémíìsì. Ẹbí yín kún ibẹ̀ bí eèrùn. Wọ́n ń retí yín. Ẹ ṣáà tẹ̀ka kí n máa bá yín tọ́jú oko."

Opó ni Màmá Phebe, kò bímọ; orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni Phebe. Oko tó wà ní Ìwàràjà yìí ló fi ń jẹun. Òun àti àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kì í kíra, àárò èèyàn sì ń pa á. Ibẹ̀ ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ ti rí i mú.

Obìnrin tó jókòó nígun pálọ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà, ọlọ́pàá ni. Sikirat ti ń dọdẹ Ọmọ́tọ́ṣọ́ láti Òṣogbo, níbi tó ti fi irú bébà yìí gba ilé onílé. Ó ti kìlọ̀ fún Màmá Phebe. Màmá ní àfi kí òun gbọ́ ohùn òyìnbó ná.

Ọmọ́tọ́ṣọ́ tẹ fóònù. Ohùn kan ń ti imú sọ Gẹ̀ẹ́sì.

"Ọmọ-ọmọ Jémíìsì nìyẹn. Ó ní yìnyín ti bo òrùlé àwọn."

Ayọ̀ kún inú Màmá Phebe, ó fò dìde kó jó. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá tábìlì.

"Yéè! Mo kú o!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mọ́mì!" ni fóònù wí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mọ́mì!" ni ẹ̀yìn fèrèsé wí. "Ẹ ò ṣèṣe ṣá?"

Èèyàn lè kọ́ Gẹ̀ẹ́sì orí imú títí, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ni àgbàlagbà máa fẹsẹ̀ kọ létí rẹ̀ tí kò ní kí i?

Màmá fa kọ́tìnì. Silas, àbúrò Ọmọ́tọ́ṣọ́, ló jókòó sínú mọ́tò lẹ́yìn ilé, fóònù létí, tó ń làágùn nínú yìnyín.

"Áà! Skọ́tílándì ò jìnnà!"

"Ọlọ́pàá! Ẹ má mira!" Sikirat da ẹ̀wà nù.

Ọmọ́tọ́ṣọ́ gbá ìwé mú, ó bẹ́ lójú fèrèsé. Silas ò dúró dè é, ó ti wa mọ́tò lọ. Ọmọ́tọ́ṣọ́ gun ọ̀kadà, ó forí lé ọ̀nà Àkúrẹ́. Sikirat gun òmíràn tẹ̀ lé e, Màmá Phebe sì fò mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ní oríta Ìwàràjà, ọkọ̀ Àkúrẹ́ kan ti fẹ́ gbéra. Wọ́n wo inú rẹ̀, wọn ò rí ọkùnrin kankan yàtọ̀ sí awakọ̀. Wọ́n ti ń padà nígbà tí ìyá kan nínú ọkọ̀ náà figbe ta: "Ta ló fa ìborùn mi?"

Irùngbọ̀n Ọmọ́tọ́ṣọ́ ló yọ lábẹ́ ìborùn.

Ní tésàn, Sikirat gbá tábìlì. "Níbo lo ti rí ìdílé yẹn?"

"Orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mà. Òótọ́ ni wọ́n gbé ayé."

"Ayálégbé wọn ńkọ́?"

"Ará Áyálándì kan ni. Mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́."

"Silas dà?"

Wọn ò wá Silas jìnnà. Epo ló tán nínú mọ́tò rẹ̀, iwájú àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà gan-an ló sì ti tán.

Màmá Phebe gba ìwé rẹ̀, ó dì í mọ́yà, ó sunkún ayọ̀ bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó yá fóònù Sikirat, ó pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.

"Ọláìtán, èmi ni. Má pa fóònù. Ẹ máa bọ̀ wá bá mi ká kòkó, ìwọ àtàwọn ọmọ. Mo wá ẹbí dé Skọ́tílándì, èmi tí mo ní yín nítòsí."