Òpó Kẹrìnlá

"Tiwátọ́pẹ́, ṣé orí ẹ pé báyìí? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mítà! Páálí wo nìyẹn fẹ́ wọ̀?"

Latifah ọ̀rẹ́ mi ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní pálọ̀ wa ní Lugbe. Ọ̀gbẹ́ni Akínjídé, olùkọ́ wa, ní kí á fi bọ́ọ̀lù ṣe oòrùn, kí á wá ṣírò bí pílánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan yóò ṣe jìnnà sí i tó. Ọgbọ̀n máàkì ni. Mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Bí eléyìí bá tún bọ́, màá tún kíláàsì kà nìyẹn.

Nínú ìṣirò tèmi, ayé wa kò ju hóró yánmọtí lọ, mítà mẹ́rìnlélógún ló sì fi jìnnà sí bọ́ọ̀lù. Nẹ́ptúùnù tó wà lẹ́yìn pátápátá, ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mítà! Ti Latifah wọ inú páálí kan ṣoṣo, bí wọ́n ṣe yà á sínú ìwé wa gẹ́lẹ́.

"Kọ àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà jàre," ó ní. "Ta ló máa wọ̀n ọ́n?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo pa òótọ́ rẹ́, mo kọ irọ́.

Kò pẹ́ tí Latifah lọ ni bàbá mi dé. Iṣẹ́ wáyà iná ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n wo ìwé mi.

"Kí ló dé tí o pa eléyìí rẹ́?"

"Ó ti pọ̀ jù, Dádì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣírò ẹ̀, iye kan náà ló ń jáde."

"Bí èmi bá gé wáyà kúrú torí pé ó pọ̀ lójú mi, ṣé iná máa dé ilé onílé? Gbé bọ́ọ̀lù, ó yá."

Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sí ìdí òpó iná kan. "Láti òpó kan sí èkejì, àádọ́ta mítà ni. Èmi ni mo bá wọn fa wáyà ẹ̀." La bá bẹ̀rẹ̀ sí rìn. A ò tíì dé òpó tó tẹ̀ lé e tí a fi kọjá ayé, àti Nàìjíríà, àti Abuja, àti èmi pẹ̀lú wàhálà mi! Lẹ́yìn òpó kejì, a kan Júpítà, tí kò ju ẹyin aláǹgbá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, òfìfo la ń rìn nínú ẹ̀, títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí dùn mí. Ní òpó kẹrìnlá, tí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mítà pé, mo bojú wẹ̀yìn. N kò rí bọ́ọ̀lù mọ́.

"Kai! Dádì, ṣé bó ṣe ṣófo tó nìyí?"

"Èmi ò mọ̀ nípa òkè ọ̀run o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé o ò lè ká òpó mẹ́rìnlá sínú páálí."

Mo dá òótọ́ mi padà sínú ìwé. Síbẹ̀, nígbà tí mo rí páálí rẹpẹtẹ ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì, àyà mi já. Ìwé kan ṣoṣo ni tèmi, àwọn ọmọ kíláàsì sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ni èyí?" Ọ̀gbẹ́ni Akínjídé bèèrè.

Mo dìde. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, títí kan irọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ.

"Òun nìkan ló ṣe iṣẹ́ tí mo ní kí ẹ ṣe," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin tó kù, àwòrán inú ìwé lẹ dà kọ." Mo gba méjìdínlọ́gbọ̀n, wọ́n yọ méjì torí ìdọ̀tí ibi tí mo pa rẹ́. Háà, ara tù mí! Latifah gba mẹ́fà, ó sì wá bá mi nílé kí n kọ́ òun.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí òótọ́ bá tóbi ju páálí yín lọ, páálí ni kí ẹ jù nù.