Abẹ́rẹ́ Alhaji

Ìjà ni èmi àti Sàmàd fi pàdé. Ó wá fi fèrèsé sí ọsibítù aládàáni tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Àró, ó sì ń fi ẹ̀rọ dá ògiri lu nígbà tí àwọn aláìsàn ń sùn.

"Brọ̀dá, ẹ dín ariwo yẹn kù."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ lọ fún èèyàn lábẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe."

"Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì."

"Kí wá lẹ wọ aṣọ funfun fún?"

Ibi tó ń dùn mí gan-an ló fọwọ́ kàn. Ọdún kẹta rèé tí mo ti jáde girama, tí mo ń lé Mẹ́dísìn kiri. JAMB àkọ́kọ́, máàkì mi ò tó. Ìkejì, wọ́n gbé kọ́ọ̀sì tí mi ò béèrè fún lé mi lọ́wọ́, mo ní mi ò ṣe. Mo tún Físíìsì kọ, mo ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́, mo sì wáṣẹ́ sí ọsibítù kí n lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà bá mi lára mu. Dókítà tó ni ibẹ̀ là á mọ́lẹ̀ fún mi: mo lè wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, mo lè fọ irin iṣẹ́, mo lè dúró kí n máa wò. Ọjọ́ tí mo bá fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, níbẹ̀ tàbí níta, kí n má padà wá mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Sàmàd gbé búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn wá, ó ní òun wá bẹ̀ mí. Mo jẹ ẹ́, mi ò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí mo fi ń yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ajúwọ̀n lẹ́yìn kíláàsì, tó ń bi mí ní ìbéèrè Bàọ́lọ́jì, tó ń pe àwọn ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wù ú. "Ìfẹ́ mi, eléyìí gùn ju orúkọ bàbá mi lọ," ni yóò wí. Nígbà tí ìyá mi pàápàá ń sọ pé kí n gba kọ́ọ̀sì tí wọ́n bá fún mi, òun kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi tó ń dẹ́rù bà mí.

Ó mú mi lọ sílé wọn ní Àgbàdo, inú ìyá rẹ̀ sì dùn sí mi. "Dókítà wa" ni wọ́n ń pè mí, títí di ọjọ́ tí ara Alhaji, bàbá Sàmàd, gbóná. Nígbà tí màá fi débẹ̀, Màmá Sàmàd ti ra dírípù àti abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Tòún, ó ti yá. Bá mi fi sí wọn lára."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sí ọsibítù."

"Ṣebí ọsibítù lo ti ń bọ̀?"

"Wọn ò tíì kọ́ mi mà."

"Látọjọ́ tí o ti wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ lò ń já ni?"

Inú bí mi, ọ̀rọ̀ sì já bọ́ lẹ́nu mi: "Tí wọ́n bá kú sí mi lọ́wọ́ ńkọ́?"

Èèyàn kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn létí aláìsàn, ká má tíì wá sọ bàbá ọkọ ẹni. Màmá Sàmàd ṣílẹ̀kùn fún mi kí n máa lọ.

Mùsáfírù oníkẹ́mísì ló wá fi dírípù náà kọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Alhaji ti ń lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí. Kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n. Kí n má parọ́, ó dùn mí díẹ̀ pé kò sí nǹkan kan, ojú sì tì mí pé ó dùn mí. Màmá Sàmàd wá ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ tó fẹ́ sọ àwọn di opó ni Sàmàd fẹ́ gbé wọlé.

"Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, Tòún," ni ìyá tèmi wí. "O ò bá fún wọn kó tán."

Sàmàd náà wá. "Wá bẹ Màmá mi. Tó ò bá bẹ̀ wọ́n, wọn ò ní gbà kí n fẹ́ ẹ."

Mo lọ, mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ wọn. Alhaji wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ẹ má bínú mà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ burú."

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́?" ni Màmá Sàmàd bi mí. "Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, ṣé wàá fún wọn?"

Mo wojú Sàmàd.

"Sọ pé wàá ṣe é, Tòún," ni Sàmàd wí jẹ́jẹ́. "Ṣá ti sọ ọ́."

Ó ṣe mí bíi kí n sọ ọ́. Ọkùnrin tí mo fẹ́ràn ló ń bẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ kan péré sì ni.

"Mi ò ní ṣe é mà. Ọsibítù ni màá ní ká gbé wọn lọ."

"Sàmàd, o ti gbọ́ fúnra ẹ. Sìn ín jáde."

"Èmi lẹ fún lábẹ́rẹ́," ni Alhaji wí. "Kò sẹ́ni tó bi mí."

"Alhaji, ẹ sinmi."

"Mo ti sinmi tó. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo yín ń lọ, ẹ ń bọ̀, ẹ ń wá ibi tẹ́ ẹ ó fi dírípù kọ́. Ọmọ yìí nìkan ló wojú mi. Mo rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀."

"Ṣé ẹ̀rù la ó wá máa fi tọ́jú aláìsàn?"

"Èmi ò mọ̀. Ọmọ yìí ni mo fẹ́ kí Sàmàd gbé wọ ilé yìí."

Màmá Sàmàd pòṣé, wọ́n yíjú sí mi.

"Dìde ńlẹ̀. Mi ò tíì fẹ́ràn ẹ o."

"Mo mọ̀ mà."

"JAMB ẹ ọ̀hún, ìgbà wo ni?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mà."

"Kó o yáa wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò lè gba ìwọ̀sí méjì pọ̀. Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá mà."

"Jókòó." Wọ́n gba kíṣìnnì lọ.

Sàmàd sún mọ́ mi. "Má bínú, ìfẹ́ mi."

"Irọ́ lo ní kí n pa."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá pàdánù ẹ ni."

Nígbà tí oúnjẹ dé, Sàmàd bu omi ìfọwọ́ sínú abọ́ wá, ó gbé e dání níwájú mi. Mi ò wojú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo na ọwọ́ mi méjèèjì sínú omi náà.