Ẹ Kú Iṣẹ́, Bàbá

Gbogbo òdòdó ọgbà náà ló kẹ̀yìn sí oòrùn. Ilé ayàwòrán tó ti kú ni wọ́n kọjú sí. Mo rí i, àmọ́ kò ṣe mí bákan. Lọ́dún 1986 yẹn, kò sí ohun tó ń ṣe mí bákan mọ́.

Inú oṣù ààwẹ̀ la sin Àìṣátù, ọmọ wa kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà ni Hàjàrá ìyàwó mi ò ti fọhùn. Àwọn ará ilé wa ní Sawaba ní kí n mú un kúrò ní Kumasi díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Mo bá ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Asafo, a wọ ọkọ̀ trotro lọ sí abúlé tí gbogbo ayé ti ń wòran ilé gbajúgbajà ayàwòrán yẹn. Ohun kan ni mo fẹ́: kí Hàjàrá sọ̀rọ̀. Kó tiẹ̀ bú mi, mo fara mọ́ ọn.

Esi, obìnrin tó ń ṣọ́ ilé náà, ló ń mú wa rìn nínú ọgbà. Lábẹ́ igi píà, bàbá kan kẹ̀yìn sí wa, ó ń kun àwòrán. Yorùbá kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ni Hàjàrá wí.

"Alhamdulillahi!" ni mo sọ lábẹ́ ahọ́n.

Bàbá náà ò bojú wẹ̀yìn. "Yaa, ɛna," ló fi Twi dáhùn. Ìyá ni ɛna. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe Hàjàrá ní ìyá. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú bàbá náà.

Esi fà mí láṣọ. "Alhaji, ta ni madam ń kí?"

"Bàbá tó ń kun àwòrán."

"Ao!" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Onílé tó ti kú nìyẹn. Àwa kì í kí i. A máa ń kọjá jẹ́jẹ́ ni. Tó o bá ti kí i, o ti ní kó ya àwòrán rẹ nìyẹn."

Ó fà mí wọ pálọ̀. Àwòrán bẹ́ǹṣì náà wà lára ògiri.

"Láàárọ̀, kò sí ẹnì kankan lórí ẹ̀," ni Esi rọra wí.

Hàjàrá ló jókòó síbẹ̀ nínú àwòrán náà báyìí, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé, ó pọn Àìṣátù. Ó yẹ kí n figbe ta. Mo kàn dúró, mo ń wò ó.

Nígbà tí mo jáde, bàbá náà ti lọ. Hàjàrá ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹnu rẹ̀ pa dé.

"Dìde, ká máa lọ."

Ó dìde. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù, ó sì ń yọ̀. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi: ọ̀dà ló kún ún, àwọ̀ ara ìyàwó mi gan-an.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀," ni Esi ń bẹ̀ mí.

Kí ni n ó wí fún wọn nílé? Mo rọra mú un létí ìró, a kọjú sọ́nà. Ibi tí trotro wà jìnnà, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán.